Àìlétò àti Ìrìn Iná Mànàmáná Nínú Àwọn Ọ́ksáìdì Olóòfà

Ọ́ksáìdì olóòfà ni àpapọ̀ ọ́ksíjìn àti mẹ́tàlì bí irin, máńganíìsì, níkẹ́lì tàbí krómíọ̀mù, nínú èyí tí átọ́ọ̀mù mẹ́tàlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà kékeré, tí àwọn òòfà kéékèèké wọ̀nyí sì ń darí ara wọn. Àwọn kan nínú wọn ń gbé iná mànàmáná dáadáa; àwọn kan kì í gbé e rárá; àwọn mìíràn wà láàárín méjèèjì, ìgbóná tàbí òòfà láti ìta sì lè tì wọ́n sí apá kan. Ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan jókòó sí wà lára ohun tó ń pinnu èyí. Ààyè tó ṣófo, átọ́ọ̀mù tó gba ibùjókòó ẹlòmíràn, ọ́ksíjìn tó dín, ààlà tí hóró kírísítálì kan ti pàdé hóró kejì: ìkọ̀ọ̀kan wọn lè yí ìdènà iná padà ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn lápapọ̀ ni a ń pè ní àìlétò.

Ní etíkun Àgbádárìgì, ní ìpínlẹ̀ Èkó, irú èròjà yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ajido jẹ́ ìlú àwọn Ògù lẹ́bàá ọ̀sà tó so Porto-Novo pọ̀ mọ́ Èkó, atẹ́gùn òkun tó ru iyọ̀ sì ń fẹ́ dé ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ìṣó ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ ọkọ̀, páànù orí ilé, gbogbo wọn ló ń dípẹtà, ọ́ksáìdì irin sì wà nínú ìpẹtà yẹn. Òòfà dúdú tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò jẹ́ ọ́ksáìdì irin pẹ̀lú báríọ̀mù tàbí stróńtíọ̀mù. Nínú ṣájà fóònù, ọ́ksáìdì irin, máńganíìsì àti síńkì ni wọ́n wé wáyà bàbà mọ́. Èrò tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé bí nǹkan bá ti wà létò tó ni iná yóò ṣe gbà á kọjá tó. Àwọn ọ́ksáìdì yìí kò gbà pẹ̀lú èrò náà, ìtàn ìwádìí wọn láti ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn sì jẹ́ ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe ń rí i pé àìlétò kan ń dí ọ̀nà, òmíràn ń là á.

Mágnẹ́táìtì

Mágnẹ́táìtì, Fe₃O₄, ni òòfà tí ọmọ aráyé kọ́kọ́ mọ̀. Ní Nàìjíríà, Itakpe nítòsí Okene ní ìpínlẹ̀ Kogi ni a ti mọ̀ ọ́n jù. Òkúta irin ibẹ̀, tí wọ́n pète láti máa kó lọ sí ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta, jẹ́ àdàlù mágnẹ́táìtì àti hẹ́mátáìtì nínú òkúta kúọ́tìsì, irin inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 36 nínú 100. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú òkúta kan náà. Irin àti ọ́ksíjìn nìkan ló wà nínú wọn. Síbẹ̀ iná ń gba inú mágnẹ́táìtì kọjá, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ráyè kọjá nínú hẹ́mátáìtì, èyí tó ń fún ilẹ̀ wa ní àwọ̀ pupa.

Láti ọdún 1915, nígbà tí William Henry Bragg ní Ìlú Ọba àti Shoji Nishikawa ní Japan fi ìtànṣán X wo bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe tò, ni ìdí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ìpín tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú mágnẹ́táìtì ní átọ́ọ̀mù 56: ọ́ksíjìn 32, irin 24. Mẹ́jọ nínú irin náà wà níbi tí ọ́ksíjìn 4 ti yí wọn ká, ibi tí wọ́n ń pè ní ààyè A. 16 yòókù wà níbi tí ọ́ksíjìn 6 ti yí wọn ká, ìyẹn ààyè B. Nínú 16 tó wà ní ààyè B, 8 ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, 8 ti pàdánù mẹ́ta. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ibùjókòó wọn sì jọra, nítorí náà kò ná ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn ní agbára púpọ̀ láti fò láti ọ̀dọ̀ èyí tó ní in lọ sí ọ̀dọ̀ èyí tí kò ní in. Bí iná ṣe ń rìn nínú mágnẹ́táìtì nìyẹn. Ìdènà rẹ̀ ju ti bàbà lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọ́ksáìdì, agbéná gidi ni. Ní ti hẹ́mátáìtì, gbogbo irin inú rẹ̀ ló ti pàdánù mẹ́ta mẹ́ta. Kò sí èyí tó ní nǹkan tí yóò fi ta ẹnì kejì lọ́rẹ.

Evert Verwey, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní Philips ní ìlú Eindhoven, ló mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ní ọdún 1939 ó kọ̀wé pé bí wọ́n bá mú kí mágnẹ́táìtì tutù dé nǹkan bí 150 °C nísàlẹ̀ òdo, ìdènà iná rẹ̀ ń fò sókè ní ìlọ́po tó tó 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àlàyé rẹ̀ ni pé lókè ìwọ̀n ìgbóná yẹn, irin oníméjì, ìyẹn èyí tó pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, àti irin onímẹ́ta, èyí tó pàdánù mẹ́ta, kò ní ibi kan pàtó nínú ààyè B. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n tò, oníkálukú mú ààyè tirẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì dúró sójú kan. Ètò ló dí ọ̀nà. Àìlétò ló ti là á tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò gan-an kò hàn kedere títí di ọdún 2012, nígbà tí Mark Senn, Jon Wright àti Paul Attfield fi ìtànṣán X wo kírísítálì kékeré kan, tí wọ́n sì rí i pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kò dúró sórí irin kan péré. Irin mẹ́ta tó wà lórí ìlà kan ló ń pín in lò. Ìtò mẹ́ta-mẹ́ta yìí ni wọ́n sọ ní trimeron.

Àmọ́ o, àìlétò mìíràn wà tó ń ṣiṣẹ́ lòdì sí ìyípadà yìí. Ní àwọn ọdún 1980, J. M. Honig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà yọ irin díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú mágnẹ́táìtì, wọ́n sì ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí àlàfo irin kò bá tíì tó 4 nínú 1,000, ìfò Verwey ṣì ń wáyé lójijì, ṣùgbọ́n ó nílò òtútù tó le jù ti tẹ́lẹ̀. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ìfò náà di ìyípadà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tó bá ti kọjá nǹkan bí 12 nínú 1,000, kò sí mọ́. Fífi síńkì tàbí títáníọ̀mù díẹ̀ rọ́pò irin náà ń fa irú ìyípadà kan náà. Ó yẹ ká ro iye yẹn dáadáa. Àlàfo kan ṣoṣo láàárín nǹkan bí irin ọgọ́rin ló tó láti pa ìṣètò tó yẹ kó gbà gbogbo kírísítálì náà kan, nítorí pé àwọn trimeron kò lè máa bá ara wọn lọ ní ìlà gígùn tí ìlà náà bá ń já.

Ní òpin ọ̀nà yìí ni mágéémáìtì wà, èyí tí mágnẹ́táìtì ń dà bí ó bá gba ọ́ksíjìn sí i láìgbóná púpọ̀. Gbogbo irin inú rẹ̀ ti pàdánù mẹ́ta, ààyè kan nínú mẹ́fà-mẹ́fà ní B sì ṣófo. Iná ò ráyè kọjá mọ́, ṣùgbọ́n òòfà rẹ̀ ò lọ. Ìyẹn ló mú kó wúlò. Lúúlúù aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára téèpù kásẹ́ẹ̀tì, tí orin jùjú àti fújì fi rin gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kí àwo CD tó dé, mágéémáìtì ni nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Kásẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi tí wọ́n kọ krómù sí lára máa ń lo ọ́ksáìdì krómíọ̀mù, CrO₂, tó jẹ́ agbéná. Ní ọdún 1986 Karlheinz Schwarz ṣe ìṣirò tó fi hàn pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí òòfà wọn kọjú sí apá kan ṣoṣo ló ń gbé iná nínú rẹ̀.

Ìpẹtà etíkun

Ẹni tó ń gbé Ajido lè máa rò pé ìpẹtà jẹ́ eruku lásán tó bo irin. Ìpẹtà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1965, Ulick Evans ti Yunifásítì Cambridge, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí bí irin ṣe ń jẹ, ṣàlàyé pé ìpẹtà fúnra rẹ̀ ń bá irin jà, àti pé agbára tó fi ń jà ni pé apá kan nínú rẹ̀ ń gbé iná.

Bó ṣe ń lọ rèé. Nígbà tí ìrì bá sẹ̀ tàbí tí òjò bá rọ̀, ìpẹtà aláwọ̀ ọsàn tó wà lára irin a tutù. Irin abẹ́ rẹ̀ a máa yọ́ sínú omi, a sì máa tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ìpẹtà aláwọ̀ ọsàn yẹn ló ń gba àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà, ó sì ń di mágnẹ́táìtì dúdú. Bí oòrùn bá yọ tí omi sì gbẹ, ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ a tún sọ mágnẹ́táìtì di ìpẹtà aláwọ̀ ọsàn, ó sì ti ṣe tán de ìrì alẹ́. Mágnẹ́táìtì tó wà láàárín ni afárá tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà kọjá láti ara irin bọ́ síta. Bí ìpẹtà bá jẹ́ ohun tí iná kò lè gbà kọjá rárá, ìjẹrà ìbá dínkù gan-an bí ìpẹtà ṣe ń nípọn sí i.

Mágnẹ́táìtì inú ìpẹtà kò sì jọ ti Itakpe. Hóró rẹ̀ kéré púpọ̀, ọ̀pọ̀ ààyè irin inú rẹ̀ ṣófo, ìpẹtà tí kì í gbé iná sì wọ àárín rẹ̀ káàkiri. Ibi tí àìlétò bá ti pọ̀, iná a lọ tìkọ̀tìkọ̀. Ibi tí mágnẹ́táìtì bá ti fara kan ara rẹ̀ láti inú dé òde, ibẹ̀ ni irin ti ń jẹ sí i. Iyọ̀ òkun ń dá kún un lọ́nà méjì. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irin kò sì ní tètè gbẹ. Klóráìdì inú rẹ̀ sì ń bí irú ìpẹtà kan tí wọ́n ń pè ní akaganéítì, orúkọ tó wá láti ibi ìwakùsà Akagane ní Japan, nínú èyí tí klóráìdì há sí àárín ihò tó wà láàárín àwọn átọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀ lórí ti fi ìdí ìjà sí abẹ́ ọ̀dà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n ha irin etíkun títí yóò fi mọ́, kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ọ̀dà tó dé.

Ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ náà. Ẹ ha ìpẹtà tó nípọn kúrò lára irin àtijọ́, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ sì gbé òòfà sípíkà sún mọ́ ọn: apá dúdú yóò fò mọ́ òòfà, ọ̀pọ̀ nínú apá aláwọ̀ ọsàn yóò jókòó síbẹ̀.

Ìgbì tó há

Ní ọdún 1958, Philip Anderson, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, béèrè ìbéèrè kan tí ó jọ pé ó rọrùn. Bí ibùjókòó àwọn átọ́ọ̀mù bá wà láìdọ́gba, ṣé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò kàn máa rìn lọ́ra ni, àbí yóò dúró pátápátá? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé tí àìdọ́gba náà bá kọjá ìwọ̀n kan, yóò dúró. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìwà ìgbì. Ẹni tó bá ti wo inú akaja, igbó igi tí àwọn apẹja Ògù ń rì sínú ọ̀sà kí ẹja lè wá fi ṣe ilé, yóò mọ ohun tí ìgbì kékeré ń ṣe níbẹ̀: ó ń lu igi yìí, ó ń padà, ó ń lu ti ẹ̀gbẹ́, ó tún ń padà, àwọn ìgbì tó ń padà yìí sì ń bá ara wọn pàdé, wọ́n ń pa ara wọn rẹ́ ní iwájú, omi wá ń mì sójú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń há láàárín àwọn átọ́ọ̀mù tí kò dọ́gba. Anderson, Nevill Mott àti John Van Vleck jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní ọdún 1977.

Mott ló ṣàlàyé ohun tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti há lè ṣe. Ìgbóná lè ràn án lọ́wọ́ láti fò. Ní òtútù tó le, fífò sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò lè ná an ní agbára tí kò ní. A máa wá ibùjókòó tó jìnnà sí i, tí agbára rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀, a sì fò lọ síbẹ̀. Nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Mott ṣe kọ ní ọdún 1968, lọ́gárídìmù ìdènà iná ń pọ̀ sí i ní ìbámu pẹ̀lú 1/T^(1/4), tí T jẹ́ ìwọ̀n ìgbóná láti òdo pátápátá. Ní 1975, Alexei Efros àti Boris Shklovskii fi hàn pé tí a bá ka bí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń ta ara wọn nù, ó ń di 1/T^(1/2). Ọ̀pọ̀ ọ́ksáìdì olóòfà tí àìlétò ti wọ̀ lára ń tẹ̀lé ọ̀kan nínú ìlànà méjèèjì.

Ohun tó ya ọ́ksáìdì olóòfà sọ́tọ̀ ni pé àìlétò rẹ̀ pé méjì. Àkọ́kọ́ ni ti ibùjókòó àwọn átọ́ọ̀mù, èyí tí iná ààrò ti fi sílẹ̀, tí kò ṣeé tètè tún ṣe. Èkejì ni ti òòfà kéékèèké: nígbà tí èròjà bá gbóná kọjá ìwọ̀n kan, tí wọ́n fi orúkọ Pierre Curie pè, àwọn òòfà átọ́ọ̀mù a kọjú síbi gbogbo, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fẹ́ kọjá a sì rí ilẹ̀kùn títì. Àìlétò kejì yìí ṣeé tún ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé òòfà ńlá sún mọ́ ọn, yóò tò wọ́n.

Máńganáìtì

Níbi tí àìlétò méjèèjì ti pàdé ni ìwádìí ti gbóná jù. LaMnO₃, ọ́ksáìdì lántánọ́ọ̀mù àti máńganíìsì, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní máńganáìtì, kì í gbé iná nígbà tó bá mọ́. Ní ọdún 1950, G. H. Jonker àti J. H. van Santen, àwọn náà ní Philips, fi stróńtíọ̀mù, kálísíọ̀mù tàbí báríọ̀mù rọ́pò apá kan nínú lántánọ́ọ̀mù, èròjà náà sì di òòfà tó ń gbé iná. Lántánọ́ọ̀mù máa ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta sílẹ̀. Stróńtíọ̀mù ń fi méjì sílẹ̀. Àwọn máńganíìsì kan gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sí i sílẹ̀ kí ìṣirò lè dọ́gba. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Clarence Zener ṣàlàyé pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fò láti máńganíìsì kan sí òmíràn nípasẹ̀ ọ́ksíjìn tó wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ó nílò kí òòfà àwọn máńganíìsì méjèèjì kọjú sí apá kan náà. Bí wọ́n bá dojú kọ ibi kan, iná ń rìn. Bí iná bá ń rìn, ó ń mú wọn dojú kọ ibi kan. Bí stróńtíọ̀mù bá rọ́pò nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lántánọ́ọ̀mù, èròjà náà ń jẹ́ òòfà títí dé nǹkan bí 97 °C.

Ṣùgbọ́n stróńtíọ̀mù yẹn kò jókòó létò. Ó gba ibikíbi tó bá bọ́ sí. Ohun kan náà tó dá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ ni ó tún da ọ̀nà rẹ̀ rú, nítorí pé átọ́ọ̀mù tó tóbi ń ti àwọn ọ́ksíjìn sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó kéré ń jẹ́ kí wọ́n rọ̀ sínú, ìtò máńganíìsì, ọ́ksíjìn, máńganíìsì sì ń wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ọdún 1996, Lide Rodriguez-Martinez àti Paul Attfield ṣe àyẹ̀wò tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣe oríṣiríṣi máńganáìtì tí iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wọn dọ́gba, tí ìwọ̀n àárín átọ́ọ̀mù tó rọ́pò ara wọn náà sì dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ìyàtọ̀ láàárín títóbi àti kíkéré àwọn átọ́ọ̀mù yẹn ń pọ̀ sí i. Bí ìyàtọ̀ náà ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná tí èròjà ń di agbéná nísàlẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ní ìlà tààrà. Lójú tèmi, nínú gbogbo àyẹ̀wò tó kan ọ̀rọ̀ yìí, òun ló mọ́ jù lọ, torí pé àìlétò nìkan ló yí padà.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1994, Sungho Jin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs ti dá ariwo sílẹ̀. Nínú ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ máńganáìtì kálísíọ̀mù, ní 196 °C nísàlẹ̀ òdo, òòfà tí agbára rẹ̀ tó 6 tesla, tó ju ti ilẹ̀ ayé lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100,000, dín ìdènà iná kù ní ìlọ́po tó ju 1,000 lọ. Wọ́n retí pé yóò di ẹ̀rọ tó ń ka ìròyìn nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n òòfà tó nílò ti pọ̀ jù, ìgbóná tó sì ń ṣiṣẹ́ ti kéré jù. Ibi tí máńganáìtì stróńtíọ̀mù ti rí iṣẹ́ gidi ni inú ẹ̀rọ amúnáwá tó ń sọ gáàsì di iná nínú ìgbóná ńlá, níbi tí agbára rẹ̀ láti gbé iná ti wúlò, tí òòfà rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan.

Kí ló mú kí ìdènà náà ṣubú tó bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1999, M. Uehara, S. Mori, C. H. Chen àti S.-W. Cheong fi máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wo máńganáìtì kan, wọ́n sì rí erékùṣù agbéná àti erékùṣù tí kì í gbé iná tí wọ́n jọ ń gbé inú kírísítálì kan náà. Òòfà ń mú kí àwọn erékùṣù agbéná fẹ̀ sí i, títí tí wọn yóò fi kan ara wọn láti etí kan dé èkejì. Lọ́gán, iná rí ọ̀nà. Ní 2003 ni D. Akahoshi, Yoshinori Tokura àti àwọn mìíràn ní Japan fi hàn bí àìlétò ṣe ń dá irú ipò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe máńganáìtì báríọ̀mù kan náà lọ́nà méjì: nínú ọ̀kan, báríọ̀mù àti mẹ́tàlì kejì tò ní ìpele-ìpele, nínú èkejì, wọ́n dàpọ̀ bó ṣe bá a. Nínú èyí tó tò, ìpò agbéná àti ìpò àìgbéná lágbára, ààlà wọn sì mú ṣáṣá. Nínú èyí tó dàpọ̀, méjèèjì rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n ń bá ara wọn du ilẹ̀, níbẹ̀ gan-an sì ni ìṣubú ìdènà ńlá tí òòfà ń fà ti yọjú. Nínú máńganáìtì yẹn, kò sí àìlétò, kò sí irú iṣẹ́ ìyanu tí Jin rí.

Ààlà hóró

Èyí tó kàn wá lójoojúmọ́ jù ni àìlétò tó wà láàárín hóró. Yogoro Kato àti Takeshi Takei ṣe féráìtì àkọ́kọ́, ìyẹn ọ́ksáìdì irin olóòfà, ní Tokyo ní ọdún 1930. Ní 1935 ni a dá ilé iṣẹ́ TDK sílẹ̀ láti tà á, ilé iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa kásẹ́ẹ̀tì. J. L. Snoek mú un gbèrú ní Philips. Ó yani lẹ́nu bí orúkọ Philips ṣe ń yọ nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n rédíò ni wọ́n ń tà, rédíò sì nílò òòfà tí kì í gbé iná.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Tí iná tó ń yí padà bá ń lọ nínú wáyà tí wọ́n wé mọ́ òòfà, òòfà náà a bí iná tirẹ̀ tó ń yí po nínú rẹ̀, iná yẹn a sì di ooru tí kò wúlò. Iná inú ilé ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Páálí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò léra tó fún un. Ṣájà fóònù ń yí i ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìgbà. Páálí irin yóò gbóná kọjá àlà. Féráìtì máńganíìsì àti síńkì ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n féráìtì yìí ní irin oníméjì díẹ̀ nínú, inú hóró rẹ̀ sì ń gbé iná díẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi mágnẹ́táìtì. Àwọn tó ń ṣe é wá ń fi kálísíọ̀mù àti sílíkọ́ọ̀nù díẹ̀ pò ó. Nínú ààrò, àwọn méjèèjì kò rí ààyè nínú hóró, wọ́n sì lọ kó ara wọn jọ sí ààlà, níbi tí wọ́n ti di ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná ò lè tètè gùn kọjá. Àìlétò ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò ní pa òòfà lára. Ní 1951, C. G. Koops fi ìṣirò hàn pé irú èròjà bẹ́ẹ̀, hóró tó ń gbé iná àti ààlà tí kì í fẹ́ gbé e, yóò máa fi ìdènà kan hàn nígbà tí iná bá ń yí lọ́ra, yóò sì fi èyí tó kéré sí i hàn nígbà tí iná bá ń yí kíákíá, torí pé iná tó ń yára yí lè fo ògiri. Gbogbo ṣájà tó wà lórí àtẹ ní ọjà Alaba ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ló ń jẹ àǹfààní ògiri yẹn.

Ààlà hóró tún ní iṣẹ́ mìíràn. Ní 1996, Harold Hwang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kírísítálì máńganáìtì kan ṣoṣo wé èyí tó jẹ́ ọ̀pọ̀ hóró. Èyí tó ní hóró púpọ̀ ń fèsì sí òòfà kékeré, èyí tí kírísítálì mímọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ka kún. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yọ́ gba ààlà kọjá láti hóró kan sí èkejì. Bí òòfà hóró méjèèjì bá kọjú sí ibi kan, ó rọrùn. Bí wọ́n bá kọ̀yìn sí ara wọn, ó ṣòro. Òòfà kékeré tó láti yí gbogbo hóró padà.

Ọ́ksíjìn tó dín, ibùjókòó tó yí

Yurópíọ̀mù ọ́ksáìdì, EuO, jẹ́ òòfà nísàlẹ̀ 69 K, ìyẹn nǹkan bí 204 °C nísàlẹ̀ òdo. Bí ọ́ksíjìn inú rẹ̀ bá pé, kì í gbé iná. Bí ọ́ksíjìn bá dín díẹ̀, àlàfo kọ̀ọ̀kan a ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó há sínú rẹ̀. Bí èròjà náà bá sì tutù kọjá 69 K tí òòfà rẹ̀ tò, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà a bọ́, ìdènà iná a sì ṣubú ní ìlọ́po 10,000,000,000,000. Nǹkan bí ọdún 1970 ni wọ́n rí èyí, díẹ̀ sì ni èròjà tí ìdènà rẹ̀ ń yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Nínú Sr₂FeMoO₆, tí K. I. Kobayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní 1998, irin àti mólíbdẹ́nọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbóná ààrò àti gáàsì inú rẹ̀ ló ń pinnu bí wọ́n ṣe tò dáadáa tó. Níbikíbi tí méjì bá ti pààrọ̀ ibùjókòó, òòfà ń rọ̀ níbẹ̀, agbára èròjà náà láti ya ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí òòfà wọn ti kọjú sí sì ń dínkù.

Wíwọn rẹ̀

Láti wọn ìdènà irú èròjà yìí, àwọn onímọ̀ ń lọ lúúlúù rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara nínú mọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń yan án nínú ààrò tó gbóná ju 1,000 °C lọ. Wáyà mẹ́rin ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, méjì ń gbé iná wọlé, méjì ń wọn fóltéèjì, kí ìdènà ojú ibi tí wáyà ti fara kàn án má bàa dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. L. J. van der Pauw, ti Philips bákan náà, fi hàn ní 1958 bí wọ́n ṣe lè fi wáyà mẹ́rin yìí wọn páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìrísí èyíkéyìí. Ní etíkun, ìṣọ́ra kan wà tí kò ṣeé fojú fò: iyọ̀ àti ọ̀rinrin tó bá bà lé ara èròjà náà lè gbé iná ní orí rẹ̀, kí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sì máa rò pé inú rẹ̀ ni iná ń gbà. Gbígbẹ nínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ni ọ̀nà àbáyọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú un tutù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì ya ìlà bí ìdènà ṣe ń pọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n wò kò bá fẹ̀, ìlànà Mott àti ti Efros òun Shklovskii lè jọ ara wọn lójú ìlà. Àwọn onímọ̀ wá ń fi ìwọ̀n mìíràn tì í lẹ́yìn: ìtànṣán X fún ibùjókòó àwọn átọ́ọ̀mù, àti ọ̀nà Mössbauer, tó ń gbọ́ ohùn àárín átọ́ọ̀mù irin. Ní ti mágnẹ́táìtì tó gbóná kọjá ìfò Verwey, ọ̀nà Mössbauer rí i pé gbogbo irin ààyè B jọ ara wọn, bí ẹni pé olúkúlùkù pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀, torí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fò kíákíá ju bí ọ̀nà náà ṣe lè tẹ̀ lé e lọ. Síbẹ̀ ní 2019, ẹgbẹ́ Attfield fi ìtànṣán X wo ibi tó sún mọ́ átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé ìyẹ̀sẹ̀ kéékèèké tó jọ ti trimeron ń bá a lọ títí dé ìgbóná yàrá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìní ètò tó gùn, àti pé ó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 580 °C, ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà tí mágnẹ́táìtì ti ń di òòfà.